Olè Tí Kò Ṣa Ẹrù

Ẹ̀yin olùkàwé mi, mo kí yín ní orúkọ Ẹni tó jí wa láàárọ̀ yìí tí kò sì béèrè owó lọ́wọ́ wa. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú ìrìn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí á tún pàdé lójú ìwé, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí a jọ pín ìtàn lọ́dún tó kọjá ló ṣẹ́kù láti gbọ́ tọdún yìí. Ìtàn tí mo mú wá lónìí kò dùn tán. Ẹni tó bá ń wá èyí tí a ó fi ijó parí, kó ṣí ìwé mìíràn. Ẹni tó bá ní àyà, kó sún mọ́ mi.

“Bàtà ẹsẹ̀ òsì,” ni Alhaja Fàósátù wí, ó sì na ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ síwájú kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ọlọ́pàá dáadáa. “Odindi páálí kan! Bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ òsì nìkan. Àwọn tó dì í lókè òkun ló ṣèèṣì, mo ti ní kí wọ́n bá mi dá a padà. Olè wá gbé e lọ. Ọ̀gá, irú olè wo nìyẹn?”

Inspẹ́kítọ̀ Fákúnlé, tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, gbé gègé sílẹ̀.

“Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí bàtà yìí?”

“Aago ọwọ́. Aago tó ń dán bí ojú ológbò.”

“Olè kó o?”

“Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.”

“Kí ni ó tún kó?”

Alhaja kà wọ́n. Páálí léèsì olówó iyebíye kan. Páálí abọ́ tánganran kan tó ti ṣá létí. Páálí ọṣẹ kan tí òjò ti pa ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn mìíràn tún wà, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n ti ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fura títí ó fi wá kó ọjà fún títà ọdún Iléyá.

Ọdún tó tẹ̀lé owó Údójì, àfikún owó oṣù ńlá tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá kò rí àyè gúnlẹ̀, tí ẹrù ń sọ̀ láti ojú ọ̀run bí yìnyín, tí olúkúlùkù sì ń ra ohun tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Alhaja ń kó ọjà wá láti òkè òkun fún ìsọ̀ rẹ̀ ní Òṣòdì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Albert ló ń bá a gbà á jáde lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, yàrá ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Albert ní Máfólúkù ni wọ́n sì ń tò ó sí. Alhaja ń san owó àyè.

Wọ́n ti mú ẹnì kan. Mùnírù lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù náà, tí kọ́kọ́rọ́ kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó gbé Fákúnlé láti Ìbàdàn wá sí àgọ́ ọlọ́pàá yìí.

“Fákúnlé,” ni ọ̀gá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́ pé ó ń béèrè ọ̀rọ̀ bàtà, “Sátidé la wà yìí o. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ yẹn ń lọ sílé ẹjọ́. Ó ti jẹ́wọ́, ó ti tẹ̀ka. Kí lo tún ń wá?”

“Mò ń wá ẹni tó ra bàtà ẹsẹ̀ òsì, Ọ̀gá.”

“Bóyá arọ ni.”

Àwọn ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Fákúnlé náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá lọ sí àtìmọ́lé.

Mùnírù jókòó sí kọ̀rọ̀. Níta, ìyá rẹ̀ Sàfúrátù, tó ń ta ike ní Òṣòdì, ti ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ ọlọ́pàá kọjá.

“Mùnírù, níbo lo ta bàtà yẹn sí?”

“Ibi tí ẹ bá ní kí n sọ, Ọ̀gá.”

“Ìwọ ni mò ń bi.”

“Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ti tẹ̀ka.”

“Ọwọ́ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?”

Ọmọ náà gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀, ó wú bí iṣu tó fẹ́ rà, ìka méjì níbẹ̀ nà gbọọrọ, wọn kò ká mọ́.

“Ta ló ṣe èyí fún ẹ?”

Mùnírù wo ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Mo ṣubú ni.”

Fákúnlé dúró sáàárín ọmọ náà àti ọlọ́pàá ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ló béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ta ló ní ẹrù inú yàrá yẹn?”

“Alhaja ni.”

“Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo wa tá a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la mọ̀. Èmi, Táíyé alábàárù, àti Ọ̀gá Albert.”

“Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?”

“Ọ̀gá Albert. Tiwọn máa ń wà ní yàrá wọn, níbi tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́.” Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá mi kí wọ́n máa lọ sílé. Òjò ń pa wọ́n.”

*

Albert gba ọlọ́pàá tọwọ́tẹsẹ̀. Rédíò gíráàmù tuntun kan tó fẹ̀ bí àga mẹ́ta ló kún pálọ̀ rẹ̀.

“Ẹrù oníbàárà ni, Inspẹ́kítọ̀,” ló wí bí wọ́n ti ń wọ yàrá ẹrù. “Ẹrù oníbàárà bí ẹyin ni. Ọmọ yẹn fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wọlé. Olúfọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀, oyún inú rẹ̀ sì ti yọ. Ní àgbàlá náà, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe àwọn obìnrin tó kù, bí ìyá Bọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n òun, “Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Albert” ni, nítorí ó ti bí ọmọ mẹ́ta, kò sì sí èyí tó dúró títí ó fi rìn. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò, ó sì dúró.

“Bí mo ṣe ń sọ,” ni Albert wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó gbé àyà sókè, “ẹrù mi tó wà níhìn-ín, ènìyàn kéékèèké kò lè kó o wọ̀lú. Ọlọ́run ló ṣe é.”

Olúfọlákẹ́ ní, “Àmín,” ó sì jáde lọ.

Fákúnlé mu omi. Ó gbọ́ “ẹrù oníbàárà”, ó gbọ́ “ẹrù mi”, ó sì fi méjèèjì pamọ́ sínú.

Páálí tuntun kan wà nílẹ̀ tí àbàwọ́n òróró wà lára rẹ̀, ó rí roboto, kò fẹ̀ ju orí ìka lọ. Albert fọwọ́ lu itan. “Ẹ rí i! Mùnírù ló ń fi epo sí àgádágodo. Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn!”

“Ìgbà wo ni ẹrù yìí wọlé?”

“Lọ́jọ́bọ̀ yìí.”

“Mùnírù ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Fákúnlé fi imú gbóòórùn àbàwọ́n náà. Epo àgádágodo kọ́. Òórùn yìí, ó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ilé míṣọ́n ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti mọ orin àti ẹsẹ Bíbélì sórí kí ó tó mọ ìwé òfin. Òróró ólífì ni, irú èyí tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń yà nǹkan sọ́tọ̀.

Ó ní kí wọ́n pe Táíyé alábàárù. Táíyé dé pẹ̀lú rédíò kékeré tuntun ní èjìká. Albert tún fọwọ́ lu itan. “Ẹ wo rédíò! Níbo lalábàárù ti rówó rédíò?”

“Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló fi Údójì rà á fún mi,” ni Táíyé fi ìbínú dáhùn. “Bọ̀ọ̀dá Albert, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ló wá di olè?”

Fákúnlé ránṣẹ́ lọ béèrè. Òtítọ́ ni. Ó wá ní kí Táíyé fi ọwọ́ kan àwọn páálí náà bí òun ti gbé wọn wọlé, láti èyí tó kọ́kọ́ gbé. Alábàárù kì í gbàgbé bó ṣe to ẹrù. Táíyé bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ògiri, ó ń kà á bí ó ti ń lọ. Nígbà tó dé ẹ̀kẹwàá, ọwọ́ rẹ̀ bà lé páálí olóróró. Ó tún ń kà. Ní ogún gééré, Fákúnlé ní kí ó dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó sì yí páálí náà padà.

Àbàwọ́n òróró wà ní ìdí rẹ̀.

“Táíyé, nígbà tí ẹ ń kó ẹrù wọlé, ta ló ń jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn?”

“Kò sẹ́nìkan, Ọ̀gá. Àfi Màdámù wa tí wọ́n ń fi aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sọ́ṣẹ níbẹ̀. Wọ́n máa ń bá wa kọrin.”

*

Fákúnlé fẹsẹ̀ rìn kúrò ní Máfólúkù, kò wọ ọkọ̀, nítorí ó fẹ́ ronú. Kò sí olè tí kì í ṣa ẹrù. Ẹni tó bá wọlé olówó nínú òkùnkùn pàápàá yóò fi ọwọ́ wọn èyí tó wúwo. Ṣùgbọ́n olè yìí fi aago sílẹ̀, ó gbé bàtà tí gbogbo àgbàlá ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé léèsì, ó gbé ọṣẹ tó ti rà. Ó dà bí ẹni tí a kà á léèwọ̀ fún láti wo ohun tó ń gbé.

Ó sì rántí ẹni tí a kà á léèwọ̀ fún. Ní òfin àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé míṣọ́n, darandaran yóò mú ọ̀pá dání, agbo ẹran yóò sì máa kọjá lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹwàá tó bá kọjá, ti Ọlọ́run ni. Ì báà sanra, ì báà yarọ, kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kò gbọdọ̀ fi òmíràn dípò.

“Ìdámẹ́wàá ni,” ni Fákúnlé wí sókè. Obìnrin kan tó ń gbé ẹ̀kọ kọjá bojú wẹ̀yìn, ó sì yára rìn.

Ṣùgbọ́n ta ló ń san án? Èèyàn kì í san ìdámẹ́wàá lórí ẹrù ẹlòmíràn. Mùnírù mọ̀ pé ti Alhaja ni. Táíyé mọ̀. Albert mọ̀. Ẹni tó lè ṣe èyí pẹ̀lú ọkàn mímọ́ ni ẹni tó gbà gbọ́ pé ti Albert ni ẹrù gbogbo. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti rí tí Albert ń yí ohùn padà níwájú rẹ̀.

Ara Fákúnlé tutù. Kò yọ̀ bí ọlọ́pàá tí ń yọ̀ nígbà tó bá rí olè mú.

*

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó lọ sí ìjọ tí Albert àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ ní Ìsọlọ̀. Pásítọ̀ Àyàntúndé, àgbàlagbà olóhùn ńlá, ń bọ́ aṣọ ìsìn lọ́wọ́.

“Fákúnlé!” ló wí nígbà tó gbọ́ orúkọ ọlọ́pàá náà. “Ifá ló kúnlé yín, Bíbélì ló wá kún ẹnu yín.”

“Àyàn náà ló bí yín, Bàbá, ẹ ò sì gbé ìlù.”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí tí ó fi húkọ́. “Kí lẹ wá ṣe? Ṣé ẹ wá béèrè bóyá ẹ ó san ìdámẹ́wàá lórí Údójì? Gbogbo yín ló ń béèrè.”

“Wọ́n ti ná tèmi tán kí n tó rí i. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, bàtà ọmọdé kan wà níhìn-ín tó jẹ́ ẹsẹ̀ òsì nìkan?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Pásítọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré kan. Páálí náà wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó rà á. “Ọjọ́ ìkórè la ta àwọn tó kù ní gbàǹjo. Arábìnrin Olúfọlákẹ́ ló ń mú wọn wá lábẹ́ aṣọ pẹpẹ tó bá fọ̀. Ó ní ọkọ òun kò fẹ́ kí ọwọ́ òsì mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe.”

“Ẹ ò bi ọkọ rẹ̀?”

“Ọkọ tó dúró níwájú ìjọ tó ní Ọlọ́run fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù fún òun! Kí ni mo fẹ́ bi í?” Ó jókòó. “Ó ti kọ́kọ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, arábìnrin yẹn. Ó ní ṣé lórí èrè ni àbí lórí ohun gbogbo tó bá wọlé, kí á tó yọ owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo ní ohun gbogbo. Mo ní bí o bá yọ tìrẹ kí o tó yọ ti Ọlọ́run, àjẹkù lo fún un. Ṣé irọ́ ni mo pa?”

“Kì í ṣe irọ́, Bàbá. Ibi tí ẹ kù sí ni pé ẹ kò béèrè pé ti ta ni.”

“Owó gbàǹjo náà ńkọ́?” ni Pásítọ̀ béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó gbójú sókè wo páànù tuntun tó bo orí wọn. Fákúnlé náà wò ó.

*

Abọ́ ìfọṣọ ńlá wà níwájú Olúfọlákẹ́ nígbà tí Fákúnlé padà dé Máfólúkù. Ọlọ́pàá náà fi bàtà kan ṣoṣo lé orí àga tó wà níwájú rẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ tó lọ́ṣẹ.

“Èmi ni,” ló wí.

“Ẹ mọ̀ pé Mùnírù wà ní àtìmọ́lé.”

“Mò ń gbààwẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, n kì í jẹun kí oòrùn tó wọ̀.”

“Pẹ̀lú oyún?”

“Áńgẹ́lì ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún Pétérù, Inspẹ́kítọ̀. Mo ní Ọlọ́run mọ̀ pé ọmọ náà kò jalè. Yóò rán tirẹ̀.”

“Màdámù, Pétérù kò ní ẹlẹ́rìí tó jókòó sílé.”

Ó dà bí ìgbà tí ó gbá a létí. Obìnrin náà di etí abọ́ mú. “Mo bí mẹ́ta. Lẹ́yìn èkejì, mo bi Bọ̀ọ̀dá pé, kí ló dé tó jẹ́ orí owó táṣẹ́rẹ́ tí ẹ ń pè ní owó oṣù lẹ fi ń san ìdámẹ́wàá, tí ẹrù sì ń wọlé bí omi? Wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá tà á, tí àwọn yọ ìnáwó kúrò. Mo ní Ábúráhámù kò yọ owó ọ̀nà kó tó fún Mẹlikisédékì. Wọ́n fi mí ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀kẹta náà tún lọ. Nígbà tí èyí wá dé sí mi nínú, mo ní n kò ní dúró de èrè ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń kó ẹrù kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn, èmi náà ń kà á, mò ń fi òróró kan ẹ̀kẹwàá, mo sì ń fi kọ́kọ́rọ́ wọn mú un jáde. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ó lọ kó o kúrò nílé Ọlọ́run. Ta ni yóò wá bá mi di ajẹnirun tó ń pa ọmọ mi mú?”

“Ti ta ni ẹrù yẹn, Màdámù?”

“Ti ọkọ mi.”

Albert ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì pẹ́ tó dé, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ tó.

“Bọ̀ọ̀dá Albert,” ni Fákúnlé wí, “ẹ dá wọn lóhùn.”

“Fọlákẹ́, nínú ayé yìí, ohun tó bá wà ní ìkáwọ́ ènìyàn...”

“Ti ta ni?” ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

“Ti Alhaja.”

“Ṣebí Alhaja ń rà á lọ́wọ́ yín ni?”

“Ó ń san owó àyè. Yàrá nìkan ló háyà.”

“Kí ló wá jẹ́ tiwa?”

“Owó àyè. Mo sì ti gbà á sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.” Ó wo ilẹ̀. “Rédíò gíráàmù. Aṣọ tí a wọ̀ sí ìdúpẹ́ ìkórè.”

Olúfọlákẹ́ gbìyànjú láti dìde, ó tún jókòó. “Owó oṣù táṣẹ́rẹ́ yẹn ńkọ́?”

“Owó àyè náà ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ni gbogbo ẹ̀.”

“Nígbà náà, ẹ ti ń san án pé.”

“Mo ti ń san án pé.”

“Ẹ wá jẹ́ kí n máa rò pé ahun ló pa àwọn ọmọ mi.” Kò pariwo. “Ẹ rí mi tí mò ń fi orí balẹ̀, tí mò ń bẹ Ọlọ́run kó dárí jì yín pé ẹ ń ja òun lólè. Ẹ jókòó tì mí. Ó rọrùn fún yín láti jẹ́ ahun ju kí ẹ jẹ́ tálákà lọ.”

Albert yíjú sí ọlọ́pàá. “Inspẹ́kítọ̀, ẹ ṣàánú wa. Ọ̀gá yín ti sọ fún mi pé ó ti parí. Ọmọ náà kò ní ìyàwó, kò lọ́mọ, yóò ṣẹ̀wọ̀n náà, yóò jáde. Aboyún nìyàwó mi.”

“Ọmọ sì ni òun náà, ọmọ ẹnì kan tí òjò ń pa níwájú àgọ́ wa,” ni Fákúnlé dáhùn. Ó yí sí obìnrin náà. “N kò ní parọ́ fún yín, Màdámù. Ọ̀gá mi kò ní fi bàtà kan pa àtẹ̀ka rẹ́. Àfi kí ẹ̀yin fi ẹnu yín sọ ọ́ ní ọ̀la níwájú adájọ́. Bí ẹ bá sì sọ ọ́, Alhaja kì í ṣe ẹni tí ń dárí jini. Ẹ̀yin ni wọn yóò mú. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ọmọ yẹn ń lọ sẹ́wọ̀n.”

Olúfọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún aṣọ pẹpẹ tó wà nínú abọ́, ó ń fún un, omi ti tán nínú rẹ̀, ó sì tún ń fún un.

*

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n pe orúkọ Mùnírù. Fákúnlé wo ẹ̀yìn ilé ẹjọ́, kò rí ẹni tó ń wá. Wọ́n ka ẹ̀sùn. Wọ́n bi ọmọ náà bóyá ó jẹ̀bi, ó sì la ẹnu láti sọ ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ.

“Kì í ṣe òun.”

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Olúfọlákẹ́ nìkan ló wá. Albert ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ní ó dé Àgége, wọ́n tún ní ó ti wọkọ̀ lọ sí ìlú rẹ̀. Obìnrin náà dúró, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ ikùn mú, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí, kò fi orúkọ ọkọ rẹ̀ gba ara rẹ̀ là.

Alhaja Fàósátù dìde. “Ìwàásù yìí wọ̀ mí lára,” ló wí. “Èmi náà ń yọ sàká, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ti Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tèmi ni mo fi ń yọ ọ́. Ẹrù mi dà?”

Ẹrù rẹ̀ ti di páànù, páànù sì ti wà lórí ilé. Pásítọ̀ Àyàntúndé bẹ̀bẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, Alhaja kò wò ó.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n tú Mùnírù sílẹ̀. Sàfúrátù ju gèlè rẹ̀ nù, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń ké Allāhu akbar. Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú láti fà á lọ, ọmọ náà sì kígbe. Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ náà dáadáa. Dókítà tí Fákúnlé fi ọwọ́ náà hàn lọ́jọ́ Àìkú ti sọ pé egungun rẹ̀ ti so bó ṣe wù ú, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ọ̀gá àgọ́ ní ọmọ náà ṣubú ni, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pàdé Olúfọlákẹ́ tí ọlọ́pàá obìnrin kan ń mú lọ. Ó kúnlẹ̀ fún Mùnírù, tòun tikùn.

“Màdámù, ẹ dìde,” ni Mùnírù wí. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. “Ó máa ń dà bí ẹni pé mò ń gbọ́ ohùn yín nínú àtìmọ́lé. Lóòótọ́ ni. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, Màdámù ń gbàdúrà fún mi báyìí.”

Ó kọjá lọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

Olúfọlákẹ́ ṣì wà lórí eékún. Fákúnlé na ọwọ́ láti gbé e dìde, obìnrin náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀.

“Inspẹ́kítọ̀, ẹ̀yin mọ Bíbélì. Ohun tí mo fún Ọlọ́run kì í ṣe tèmi. Ohun tó jẹ́ tèmi, ọkọ mi ti san án, àwọn ọmọ mi sì kú síbẹ̀. Kí ló ṣẹ́kù tí mo lè mú wá nítorí èyí tó wà nínú mi yìí?”

Fákúnlé la ẹnu. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ẹsẹ Bíbélì kò tíì wọ́n ọn lẹ́nu rí. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó ń wá a, títí ọlọ́pàá obìnrin fi sọ pé, “Ọ̀gá, ọkọ̀ ń dúró,” tó sì mú Olúfọlákẹ́ lọ.

Ìwọ tí o bá mi dé ìhín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irọ́ ẹni tí o fẹ́ràn di ìpìlẹ̀ ọrẹ rẹ. Kí ó jẹ́ kí ohun tí o ní tó ọ, kí ojú má tì ọ́ nítorí pé ó kéré. Bí o bá wà níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ lè tú ẹlòmíràn sílẹ̀, kí Ó la ẹnu rẹ kí ó tó pẹ́ jù. Àwọn ọmọ tí o bí yóò rìn, wọn yóò sáré, wọn yóò sin ọ́. Àmín.